Ìlà Tí O Fẹ́ Fà Sórí Ilẹ̀ Òkè-Ògùn

International City, Dubai.
Ọjọ́ ìsinmi mi, ní òwúrọ̀.

Mùtíátù, Àjọkẹ́ mi, ọmọ tí mo bí tí ojú ò tì mí,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ tuntun náà ń bá ọ lára mu? Èmi àti àwọn tí a jọ ń gbé yàrá wà dáadáa. Ooru ti ń rọlẹ̀ níbí, a ti lè jókòó síta ní ìrọ̀lẹ́ láìlàágùn. Mo ti fọ yúnífọ́ọ̀mù mi, mo ti se ìrẹsì sílẹ̀, mo sì ti kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé kí ẹnikẹ́ni má pè mí, mo fẹ́ kọ̀wé sí ọmọ mi. Ni wọ́n bá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀gbọ́n Rásákì, tó jẹ́ àgbà yàrá wa, ní, "Ṣé kò sí fóònù ni? Voice note ńkọ́?" Mo ní ọ̀rọ̀ yìí ju voice note lọ. Mo fẹ́ ohun tí o lè tún mú kà lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá sú ọ.

Lọ́jọ́ tí o pè mí, inú bọ́ọ̀sì ni mo wà, mò ń lọ wọ metro láti lọ gba dúútì ẹ̀ṣọ́ ní Marina níbí. O ní wọ́n ti gbà ọ́ sí ọ́fíìsì tó ń ṣètò ilẹ̀ agbègbè wa, pé ìwọ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ ni ẹ óò wo Òkè-Ògùn láti òkè dé ilẹ̀, tí ẹ óò sọ ibi tí wọn yóò to sólà sí, ibi tí wáyà iná yóò gbà, ibi tí oko yóò ṣì máa jẹ́ oko, àti ibi tí wọn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn rárá. Mo fọwọ́ bo ẹnu kí n má baà pariwo láàárín èrò. Ọkùnrin ará India tó jókòó tì mí bi mí bóyá kò sí wàhálà. Mo ní, "My daughter. Big job." Ó bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ẹni pé òun náà ló bí ọ.

Àfi bí o ṣe rẹ ohùn sílẹ̀. O ní, "Bàbá mi, ọ̀rọ̀ kan tún wà o." O ní Ẹ̀gbọ́n Làmídì, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, tó ń tọ́jú oko kaṣú tí bàbá wa fi sílẹ̀, ti pè ọ́. Ìlà àkọ́kọ́ tí ọ́fíìsì yín fà fún ibi tí sólà yóò wà gba inú oko wa. Ó ní kí o sún un kọjá sí òdìkejì odò, sórí pápá tí àwọn Fúlàní ti ń da ẹran, tí àwọn obìnrin abúlé ti ń ṣa èso òrí. Ó ní ibẹ̀ kò lólúwa. O bi mí pé kí ni kí o ṣe. Bọ́ọ̀sì ti dé ìdíkọ̀ nígbà náà, èrò ti ń tì mí lẹ́yìn. Mo ní n óò dá ọ lóhùn.

Kí n tó fún ọ ní ìmọ̀ràn kankan, jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní Sharjah, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dubai níbí. Mi ò sọ ọ́ fún ìwọ àti ìyá rẹ rí, nítorí mi ò fẹ́ kí àyà yín máa já nítorí mi.

Kí n tó dé Marina, inú aṣálẹ̀ Sharjah ni ilé iṣẹ́ wa kọ́kọ́ gbé mi lọ, níbi tó jìnnà sí òkun, tí iyanrìn ti pọ́n, tí o sì lè máa wo òkè lọ́ọ̀ọ́kán. Wọ́n ń to sólà síbẹ̀, wọ́n tò ó ní ẹsẹẹsẹ bí ebè iṣu, èmi sì ni mò ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Aládùúgbò kan ṣoṣo la ní. Ìyá àgbà kan, ọmọ onílẹ̀, tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ló ní oko kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó gbin igi déètì, ó sì ń sin ewúrẹ́. Umm Salem là ń pè é, bí àwa ṣe ń sọ pé Ìyá Sàlámì. Gul, ọmọ Pakistan, ló ń bá a da ẹran. Bí déètì bá ti pọ́n, Gul á gbé àwo kan wá fún mi, á ní, "Màmá ní kí ẹ jẹ ẹ́." Mi ò mọ èdè Lárúbáwá nígbà tí mo débẹ̀, àwọn méjèèjì yẹn ni wọ́n kọ́ mi.

Ọmọkùnrin kan sì wà níbẹ̀, Hisham, ẹnjiníà, ọmọ Íjíbítì. Kò lè ju ọjọ́ orí rẹ lọ, iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ sì nìyẹn. Òun ló máa ń gbé máàpù wá. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ní tòsí, nítorí náà inú ilé kóńtánà àwa ẹ̀ṣọ́ ló ti máa ń jẹun ọ̀sán. Ammo ló ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe àbúrò bàbá nílẹ̀ wọn. Ọmọ tó níwà ni.

Lọ́jọ́ kan, ó gbé oúnjẹ síwájú, kò jẹ ẹ́. Mo ní, "Hisham, kí ló dé?" Ó mú mi jáde, ó nawọ́ sí ibì kan tí ilẹ̀ ti rì díẹ̀, tó lọ tààrà láti ìhà òkè wá sí àárín sólà wa. Lójú tèmi, iyanrìn lásán ni. Ó ní, "Ammo, ojú omi nìyẹn. Mo rí i nínú àwòrán àtijọ́ tí wọ́n yà láti òkè. Bí òjò bá rọ̀ lórí òkè, ibí ló ń gbà."

Mo ní, "Ta ló wá ní kí wọ́n to nǹkan sí i?"

Ó ní wọ́n ti fọwọ́ sí i kí òun tó gba iṣẹ́. Wọ́n wa iyanrìn jọ bí ògiri sí etí ilẹ̀ wa pé kí omi lè yà bàrà.

"Kó yà lọ síbo?"

Oko Umm Salem ló kàn ń wò.

Mo ní, "Habibi, olólùfẹ́ mi, sọ fún wọn."

Ó ní, "Ammo, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ọwọ́ wọn ni físà mi wà. Ó lè pẹ́ gan-an kí òjò ńlá tó rọ̀ níbí. Jẹ́ kí iṣẹ́ mi fẹsẹ̀ múlẹ̀ ná, n óò sọ."

Mo tún sọ ọ́ fún un lọ́jọ́ kejì. Ó ní òun gbọ́.

Ìgbà òtútù dé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, a rí i tí ojú ọ̀run dúdú lórí òkè. Òjò kankan kò tíì rọ̀ lọ́dọ̀ wa. A kàn gbọ́ ìró kan ni, bí ìgbà tí ọkọ̀ akólẹ̀ ń bọ̀, ni omi bá yọ, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ń wọ́ igi ẹlẹ́gùn-ún bọ̀. Ó kọlu ògiri iyanrìn tí wọ́n mọ. Ògiri dúró. Omi yà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe fẹ́ kó yà. Àjọkẹ́, sólà kan ṣoṣo kò rin. Oko ìyá àgbà ni gbogbo rẹ̀ kó lọ.

Mo gbọ́ igbe Gul. Ẹ̀ṣọ́ kì í fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀, ìyẹn ni òfin àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wa. Mo fi í sílẹ̀. Nígbà tí mo máa fi dé oko, omi ti kàn mí nítan. Gul ń ju àwọn ọmọ ewúrẹ́ sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù wọn. Umm Salem dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ó ní òun ò ní lọ láìjẹ́ pé a mú ewúrẹ́ òun kan tó lóyún. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbà tó yá, mi ò bẹ̀ ẹ́ mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo pọ̀n ọ́n bí ìgbà tí mò ń pọ̀n ọ́ ní kékeré. Omi ti dé ìbàdí mi. Ẹsẹ̀ mi yọ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo sì pe orúkọ Ọlọ́run. Bí mo ṣe gbójú sókè, Hisham ni mo rí, tòun ti ṣòkòtò ọ́fíìsì rẹ̀, ó ń bọ̀ nínú omi, ó gbé ewúrẹ́ olóyún yẹn lé èjìká.

A dúpẹ́ pé kò sí ẹ̀mí èèyàn tó lọ. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ewúrẹ́ kú, omi hú àwọn ọ̀dọ́ igi déètì, ògiri oko wó, ẹrẹ̀ sì kún kànga dé ẹnu.

Mo gbé ìyá náà jókòó sórí àga mi lẹ́nu ọ̀nà, mo fi kúbùsù mi wé e, mo fún un ní tíì. Ni Hisham bá kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ó ní, "Màmá, mo mọ̀. Mo rí i nínú àwòrán, mi ò sì sọ̀rọ̀."

Ìyá náà mu tíì rẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Nígbà tó ṣì wà lórí bébà."

Ó ní, "Ìgbà yẹn ló rọrùn láti sọ. Khalas, ó ti kọjá. Lọ sọ ọ́ báyìí tó ti le."

Ó sì lọ sọ ọ́. Ó lọ bá àwọn ọ̀gá rẹ̀, ó ní kí wọ́n pe ìyá náà wá jókòó, ó sì jẹ́wọ́ níwájú gbogbo wọn. Wọn kò lé e, àmọ́ wọ́n bínú sí i, wọ́n mú un kúrò níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n la ògiri iyanrìn yẹn. Wọ́n tú ọ̀pọ̀ nínú sólà tí wọ́n ti tò, kí omi lè rí ojú ọ̀nà rẹ̀. Wọ́n tún ògiri oko mọ, wọ́n gbẹ́ kànga. Nígbà tí òjò tún rọ̀ lórí òkè, Gul pè mí lórí fóònù pé omi ti gba àárín sólà kọjá lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, pé Màmá dúró lẹ́bàá ògiri, ó ń wò ó. Èmi ti wà ní Marina nígbà yẹn. Nítorí pé mo fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ ni wọ́n fi gbé mi débẹ̀. Ìwọ àti ìyá rẹ rò pé ìgbéga ni. Ìbáwí ni, àmọ́ mi ò kábàámọ̀ rẹ̀.

Ó yá, ìmọ̀ràn mi rèé.

Èkíní, ọmọ mi, má ṣe gbà fún ẹnikẹ́ni pé ilẹ̀ kan ṣófo. Àlejò a máa lójú ṣùgbọ́n kì í fi í ríran, ẹni tó bá sì jókòó sí ọ́fíìsì tó ń wo máàpù, àlejò ni títí yóò fi débẹ̀. Lọ síbẹ̀. Lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí o tún padà lọ nígbà òjò, nítorí ilẹ̀ kan náà máa ń di ilẹ̀ méjì. Wọ bàtà tó lágbára.

Èkejì, ohun tí o bá rí, sọ ọ́ nígbà tó ṣì wà lórí bébà. Mo mọ̀ pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀gá á ní, "Kí ni ọmọ àná yìí mọ̀?" Sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kúnlẹ̀ kí o sọ ọ́ bó bá gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n sọ ọ́, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé o sọ ọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Hisham kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọmọ rere ni, ó kàn ń dúró de ọjọ́ tí yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ọjọ́ yẹn kì í dé.

Lórí ọ̀rọ̀ pápá òdìkejì odò yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ní kò lólúwa. Bi ìyá rẹ léèrè. Òrí tó fi ń ra ọ́ lára nígbà tí o wà ní ìkókó, níbẹ̀ ló ti ṣa èso rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbin igi òrí wọ̀nyẹn, ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó máa dìde ní ìpàdé pé tòun ni. Bí o bá dé abúlé, àwọn ọkùnrin ni wọ́n máa jókòó síwájú, àwọn ni wọ́n máa sọ̀rọ̀, àwọn ni wọ́n máa buwọ́ lùwé. Gbọ́ tiwọn, kí o dúpẹ́. Lẹ́yìn náà, wá àwọn obìnrin lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, kí o bi wọ́n lọ́tọ̀. Kí o sì lọ bá àwọn Fúlàní ní gáà wọn, kí o béèrè ibi tí màlúù ń gbà lọ mu omi. Bí o bá dí ọ̀nà màlúù, inú oko ẹlòmíràn ni yóò yà sí, ìjà ni yóò sì yọrí sí. O ti mọ irú ìjà tí mò ń wí.

Àmọ́ má jẹ́ kí àánú sọ ọ́ di ẹni tí kò ní gbà kí nǹkan kan ṣẹlẹ̀ o. Èmi fẹ́ràn sólà. Níbí, mo ń rí iná tí kì í lọ; nílé, mo rántí bí èéfín jẹnẹrétọ̀ ṣe ń wọ yàrá tí o ti ń kàwé, mo sì mọ̀ pé iná fóònù ni nọ́ọ̀sì abúlé wa ń tàn gbẹ̀bí. Òòrùn tí Ọlọ́run fún Òkè-Ògùn, kò kéré sí ti Dubai. Ibì kan gbọ́dọ̀ wà tí wọn yóò tò ó sí. Wá ilẹ̀ olókùúta tí ọkọ́ kò wọ̀. Wá ibi tí àwọn afọ́kùúta ti gbẹ́ tán tí wọ́n fi sílẹ̀. Wo òrùlé ilé ìwé àti ọjà kí o tó wo oko. Kí o má sì wo ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo, nítorí odò kò mọ ibi tí ìjọba ìbílẹ̀ kan parí sí. Ohun tí o bá ṣe lókè odò, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ni yóò mu ún.

Ẹ̀gbọ́n Rásákì ń yọjú wò ó lẹ́yìn èjìká mi bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ní kí n sọ tòun fún ọ. Nígbà tí bẹ́ẹ̀dì tuntun fẹ́ wọ yàrá wa, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún nǹkan kan. Ó ní kí gbogbo wa dúró sínú yàrá náà lẹ́ẹ̀kan náà, kí oníkálukú fọwọ́ kan ibi tí kò lè ṣe láìní. Mo fọwọ́ kan ibi tí mo ti ń kírun. Godwin, ọmọ Ìgbò tó ń sùn ní bẹ́ẹ̀dì òkè mi, fọwọ́ kan sókẹ́ẹ̀tì iná. Ẹnì kan fọwọ́ kan fèrèsé nítorí ikọ́ fée. Nígbà tí gbogbo wa fọwọ́ kàn án tán, àyè bẹ́ẹ̀dì náà fojú hàn fúnra rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì. Ó ní kí o lọ fi ṣe ti Òkè-Ògùn. Mo ní Òkè-Ògùn ju yàrá lọ. Ó ní ohun kan náà ni, pé àwọn tó wà níbẹ̀ ni wọ́n kàn pọ̀ jù.

Ó wá ku ti oko wa.

Mùtíátù, má sún ìlà yẹn. Má sì fi í sílẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí lẹ́tà yìí bá dé ọwọ́ rẹ, lọ bá ọ̀gá rẹ, kí o sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, oko bàbá mi wà nínú èyí, ẹ gbé apá ibẹ̀ fún ẹlòmíràn ṣe." Sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bi ọ́. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, orúkọ rẹ sì ṣì tuntun.

Ti ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni kó dojú kọ, kì í ṣe ìwọ. Mo ti pè é. Mo kí i tán, ó ní, "Ṣé ọmọ rẹ ti ṣe é?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò ní ṣe é. Èmi ni mo ní kó má ṣe é."

Ó ní, "Ṣé ohun tí a tìtorí ẹ̀ rán an nílé ìwé nìyí? Kí wọ́n wá fi ilẹ̀ bàbá wa to gíláàsì?"

Mo ní, "Bí wọ́n bá bi gbogbo èèyàn tán, tó bá jẹ́ orí tiwa ló bọ́ sí, a óò gbà á. Bí wọn kò bá sì bi wá, èmi fúnra mi máa wọkọ̀ òfúrufú wá bá wọn jà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sí ìpàdé, ẹ sọ tiyín níwájú gbogbo ènìyàn bí ti àwọn yòókù."

Ó ní òyìnbó Dubai ti yí mi lórí. Ó pa fóònù. Láti ìgbà náà, bí mo bá pè, kò gbé e. Ó dùn mí, Àjọkẹ́, mi ò ní purọ́ fún ọ. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń gun kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbọ́ igbe Gul kí n padà wá ní kí ìwọ darí omi sí ilé ẹlòmíràn.

Mo dá ìwé yìí dúró díẹ̀ ná, fóònù ń dún.

Mo ti dé. Ẹ̀gbọ́n Làmídì ni. Kò kí mi, kò bi mí bí ara ṣe le. Ó kàn ní, "Ọjọ́ wo ni wọ́n ní ìpàdé yẹn?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ̀ o. Ẹ má bi Mùtíátù. Ẹ lọ bi ọ́fíìsì, bí gbogbo ayé ṣe ń bi wọ́n."

Ó pòṣé. Ó ní, "N óò mú àwọn obìnrin tó ń ṣa òrí yẹn dání. Àwọn náà ní ẹnu."

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ mọ ilẹ̀ kí ọwọ́ rẹ tó fa ìlà sórí rẹ̀. Àwọn tí o ń ṣiṣẹ́ fún kò ní fi ẹkún pe orúkọ rẹ. Bá mi kí ìyá rẹ, sọ fún un pé ara mi le.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Bàbá Mùtíátù.